Ọ́ìlì tún ń jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì 911 mi, bẹ́ẹ̀ síìlì tuntun ló wà níbẹ̀

Ìyá Pákó, Ìkọ̀lé-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mercedes 911 onímú gígùn ni mo fi ń kó pákó láti Ìkọ̀lé lọ sí Adó. Ẹ́ńjìnnì OM352 tó bá a wá ló ṣì wà lára rẹ̀. Ọ́ìlì ń kán láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, níbi ihò tó wà lábẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì. Mẹkáníìkì sọ gíà kalẹ̀, ó ní òun ti pààrọ̀ síìlì tó ń dí ọ́ìlì lẹ́yìn kíráǹkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ó gbowó rẹ̀. Ọkọ̀ ò tíì rìn jìnnà tó fi tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ bí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, nǹkan kan á máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú rẹ̀. Dírẹ́bà ní búùṣì kọnrọ́ọ̀dù ni, irin tó so písítìn mọ́ kíráǹkì. Mẹkáníìkì ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí n ra tòkúnbọ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi, àbúrò rẹ̀ ni. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé ẹ́ńjìnnì ti kú ni, àbí iṣẹ́ ni wọn ò ṣe délẹ̀?

Sọ́jà Dírẹ́bà
Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ da ọ́ìlì tó ki sí i, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. 911 tí kò bá jò, ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀ ni.

Bàbá Tọ́nà, Adó-Èkìtì
Sọ́jà, o pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tó ti mu ọ́ìlì ò mọ̀ pé àwàdà ni.

Màmá, ẹ fi ìka kan ọ́ìlì tó ń kán yẹn, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì dísù máa ń dúdú. Ti gíà ki jù ú lọ, ó sì ń rùn bí imí-ọjọ́. Tó bá jẹ́ ti gíà, síìlì iwájú gíà ló ń jò. Kíráǹkì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ẹ wo páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bó bá ti dí, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì ò ní rí ọ̀nà jáde, á wá máa ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì. Kò sí síìlì tó lè dúró dè é.

Ẹ wá bi mẹkáníìkì yẹn ní ìbéèrè kan: síìlì tó bá níbẹ̀, ṣé rọ́bà ni àbí okùn? Okùn ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ OM352 àtijọ́. Ìdajì rẹ̀ wà lókè nínú bùlọ́ọ̀kù, ìdajì wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò sọ sọ́ǹpù, ìyẹn agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀, okùn wo ló pààrọ̀?

Tó bá jẹ́ rọ́bà, kó fi èékánná fa ojú kíráǹkì níbi tí ẹnu síìlì ń jókòó sí. Bí èékánná bá kọ́, ojú ibẹ̀ ti jẹ nìyẹn, síìlì tuntun ò ní mú. Èmi máa ń ti síìlì wọlé díẹ̀ sí i kí ẹnu rẹ̀ lè bọ́ sí ojú tó mọ́, tàbí kí n gbé bàǹtẹ́ irin, ìyẹn òrùka irin fẹ́lẹ́, wọ kíráǹkì níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ síìlì tí sípíríǹgì wà ló máa kọjú sí ọ́ìlì, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì pa ẹnu rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fi háńmà lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ti ariwo yẹn: ṣé ó ń lọ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná?

Ọmọ Arámọ́kọ
Bàbá, níbo la ti ń rí síìlì gidi? Èyí tí mo rà kẹ́yìn ti gan sínú páálí.

Bàbá Tọ́nà, Adó-Èkìtì
Mú èyí àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí o ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu tuntun náà. Bó bá ń sán, dá a padà fún wọn, ó ti pẹ́ jù lórí pẹpẹ.

Ìyá Pákó, Ìkọ̀lé-Èkìtì
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Dúdú ni, kò rùn. Páìpù tí ẹ ní ká wò, ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì gbígbẹ ló dí i pa. A ti fọ̀ ọ́, kíkán náà dínkù ṣùgbọ́n kò tíì dá. Mo bi í léèrè sọ́ǹpù, ó ní òun fẹ́ gba ìpè kan, kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ariwo máa ń lọ tó bá gbóná.

Bàbá Tọ́nà, Adó-Èkìtì
Ìpè náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn.

Bó bá ń lọ tó bá gbóná, písítìn tó ti ń mì nínú sílíńdà, ihò tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, ni mo fura sí ju búùṣì lọ. Ìyẹn ṣì lè ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Bó bá padà di búùṣì, ihò ọ́ìlì ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti kọnrọ́ọ̀dù mu, ilé tọ́nà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin, ni wọ́n sì ti ń fẹ̀ ẹ́ bá píìnì písítìn. Ẹni tó bá mú sáńpépà jáde, ẹ lé e.

Ẹ sọ sọ́ǹpù kalẹ̀ báyìí. Kí wọ́n fi irin ti kíráǹkì síwá-sẹ́yìn, kí wọ́n sì gbé e sókè-sódò. Tó bá ń mì ju bó ṣe yẹ, bíárììnì tó gbé kíráǹkì dúró ló kàn kí síìlì tó kàn. Pílétì kílọ́ọ̀ṣì tó ti mu ọ́ìlì, wọn ò ní fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, tuntun ni. Kí dírẹ́bà yín dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi dè é padà.