Ilẹ̀ ẹbí ní Ilé-Ifẹ̀: ọwọ́ ta ló yẹ kó wà lórí ìwé?

Ará Sábó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tá a mọ̀ nípa ilẹ̀ ẹbí jọ síbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba rìsíìtì, wọ́n á ní ilẹ̀ ti di tàwọn. Ta ló yẹ kó fọwọ́ sí i gan-an? Kí sì ni kéèyàn béèrè kó tó kówó sílẹ̀?

Ará Lágere: Olórí ẹbí àti àwọn olórí ìdí-igi ni wọ́n jọ ń ta ilẹ̀ ẹbí. Bí bàbá tó nilẹ̀ bá fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bímọ fún un, ìdí-igi mẹ́rin nìyẹn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá fọwọ́ sí ìwé. Bí ìdí-igi kan bá jẹ́ kìkì obìnrin, ọ̀kan nínú wọn ni kó fọwọ́ sí i. Ibi tí àwọn tó ń rà ti ń ṣìṣe jù nìyí. Wọ́n á ní àwọn ọkùnrin ilé ti fọwọ́ sí i, ó ti parí. Ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ ní Iléṣà tàbí l'Ékòó ṣì ní ìpín nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì lè gbé yín lọ sí kóòtù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ fi ń dàrú. Bí olórí ẹbí bá tà láìka àwọn olórí ìdí-igi sí, títà náà á dúró títí dìgbà tí àwọn tí wọn ò kà sí bá lọ sí kóòtù pé kí wọ́n fagi lé e. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà láìsí olórí ẹbí, kò sí títà kankan níbẹ̀, bí ogún èèyàn tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 ni àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí lórí méjèèjì yìí. Ẹ̀kẹta ló burú jù, torí ó fara jọ òótọ́: olórí ẹbí ló tà á lóòótọ́, àmọ́ ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ òun fúnra òun ni. Òfo nìyẹn náà. Torí náà, ẹ fara balẹ̀ ka ìbẹ̀rẹ̀ àgírímẹ́ǹtì. Ó gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀ pé olórí ẹbí ló ń tà, lórúkọ ẹbí, kí orúkọ ẹbí náà sì wà níbẹ̀ ketekete.

Ará Ìpetumodu: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé ìṣákọ́lẹ̀ o. Ní agbègbè wa yìí, ọ̀pọ̀ oko kòkó ló jẹ́ pé ẹni tó ń roko níbẹ̀ kọ́ ló nilẹ̀. Baba ńlá rẹ̀ ló gba ilẹ̀ dáko, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Ìlú ti wá fẹ̀ dé oko báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ sì ń gé e tà ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì. Ẹni tó gbalẹ̀ dáko kì í torí pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ di onílẹ̀, bó tilẹ̀ lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Bó bá tà láìgbàṣẹ, onílẹ̀ lè ní kí kóòtù gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó rà á ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ẹ má bi ẹni tó ń tà nìkan. Ẹ bi àwọn tí oko wọn bá tiẹ̀ pààlà pé, "Ẹbí wo ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún níhìn-ín?" Bí wọ́n bá dárúkọ ẹbí mìíràn, ẹbí yẹn náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé.

Oko tí wọ́n fi dógò tún wà. Òfin ìbílẹ̀ ò dá ọjọ́ tí wọn ò ní lè rà á padà mọ́. Ọmọ ẹni tó fi í dógò lè dé lẹ́yìn ogójì ọdún, kó kó owó tí bàbá rẹ̀ yá sílẹ̀, kó sì gba oko rẹ̀.

Ará Mọ̀rẹ̀: Ẹni tó ń tà ní òun ní sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀, ńkọ́?

Ará Lágere: Sọ́fè kì í sọ ẹni tó nilẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ló ń sọ. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí nọ́ńbà àwọn pílà (òpó kékeré tí wọ́n rì mọ́ ààlà ilẹ̀) tó wà nínú ìwé bá ti orí ilẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn ọ̀gá àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba, ní Òṣogbo, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, ilẹ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbòòrò ju ibi tí ojú rí lọ.

Ẹ wo ìwọ̀n náà. Ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú, 100 lóòró, ni àwọn kan ń pè ní pulọ́ọ̀tì, ìyẹn bíi 464 square mítà. Àwọn mìíràn ń pe 60 níbùú, 120 lóòró, ìyẹn bíi 669 square mítà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ "pulọ́ọ̀tì kan" lásán sínú ìwé.

Ará Ìlódè: Ní ti bàbá àgbà tí kò mọ̀wé, tó máa tẹ̀ka: ẹni tó kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì wà níbẹ̀ pé wọ́n kà á fún bàbá ní Yorùbá, ó sì yé e dáadáa kó tó tẹ̀ka. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ló wí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fo èyí, ẹbí lè sọ níwájú adájọ́ pé bàbá ò mọ ohun tó tẹ̀ka sí. Ẹ kọ orúkọ sábẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì lẹ fọ́tò pélébé mọ́ ọn.

Owó náà, báǹkì ni kó gbà kọjá.

Ará Lágere: Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ìyẹn ò sọ ilẹ̀ ẹbí di òfo, àmọ́ ilẹ̀ tó bá ti ní C of O (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀), ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí títà rẹ̀ tó pé lábẹ́ òfin.

Ará Sábó: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó ti rà á lọ́wọ́ olórí ẹbí nìkan, ṣé àtúnṣe wà?

Ará Ìlódè: Ó wà, kó sì tètè ṣe é. Kó wá àwọn olórí ìdí-igi tí wọn ò kà sí lọ, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tuntun pé àwọn mọ̀ nípa títà àkọ́kọ́, àwọn sì fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti ń wò ó tó ń kọ́lé fún ọdún pípẹ́ láìsọ̀rọ̀, ìyẹn náà lè gbè é ní kóòtù, àmọ́ kó má gbára lé e. Tó bá jẹ́ pé olórí ẹbí gan-an ni kò sí níbẹ̀, ìfọwọ́sí kò lè jí ìwé yẹn dìde. Àdéhùn tuntun ni wọ́n máa ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i gan-an ni kí wọ́n kọ. Kí wọ́n má fi ọjọ́ àtijọ́ sí i, torí ayédèrú ìwé nìyẹn, ọwọ́ ọlọ́pàá ló sì máa ń já sí.