Ọbẹ̀ bọ́tà Nantes mi ń túká kí ẹja tó dé orí tábìlì

Ẹ̀yin tí ẹ mọ oúnjẹ Faransé í sè, ọ̀rọ̀ beurre blanc, ọbẹ̀ bọ́tà tí wọ́n ń dà lé ẹja, ni mo bá wá. Ilé oúnjẹ kan ní ìlú Nantes, ní ilẹ̀ Faransé, tí mo ti jẹ ẹ́ lọ́dún 2009 ni mo padà sí lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, krímù lásán ni wọ́n ń dà lé ẹja báyìí. Ni mo bá ní kí n máa sè é fúnra mi.

Échalote (irú àlùbọ́sà kékeré kan) 2 tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́, wáìnì Muscadet mílílítà 100, fínígà mílílítà 50: mo ń sè wọ́n títí yóò fi ku ṣíbí ìmùkọ 1 péré. Bọ́tà tútù gíráàmù 200 ló kàn, ègé kan tẹ̀lé òmíràn, lórí iná kékeré, mo sì ń pò ó láìdáwọ́ dúró. Á ki, á máa dán. Tó bá tó ìṣẹ́jú 10, òróró á léfòó, omi á sùn sísàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé bó bá gbóná kọjá nǹkan bí 58°C, yóò túká, àmọ́ 50 sí 55 ni tẹmomítà mi ń kà. Mo gbé abọ́ rẹ̀ lé omi gbígbóná, pàbó ló já sí. Krímù ṣíbí kan mú un dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn fínígà yẹn pòórá (àwọn aláṣejù kan tiẹ̀ ní kì í ṣe beurre blanc mọ́ nìyẹn).

Ṣé omi wáìnì àti fínígà tí mo ń fi sílẹ̀ ló kéré jù fún bọ́tà gíráàmù 200? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣíbí mélòó ni kó ṣẹ́kù, kó lè dúró fún ìṣẹ́jú 20 láìsí krímù?