Ṣé kí n ṣe àyẹ̀wò ọ̀fun fún ọmọ ajá mi tí kò lè gbó dáadáa?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo ń gbé, mo sì ní akọ ajá kan tí ó ti pé oṣù 8, ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, ńṣe ni yóò la ẹnu bí ẹni fẹ́ gbó, tí ohùn híhá kékeré kan yóò sì jáde. Ó ń jẹun, ó ń sáré, kì í wúkọ́, mímí rẹ̀ kò sì dún.

Nítorí pé àrùn dìgbòlugi a máa yí ohùn ajá padà, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ó sì pé. Mo tú okùn ọrùn rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Mo mọ̀ pé irú Basenji láti Kóńgò kì í gbó bí ajá yòókù, ṣùgbọ́n ajá ìbílẹ̀ ni ìyá ajá tèmi. Onílé wa ní ajá tí kì í gbó ni olè ń bẹ̀rù jù. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Níwọ̀n bí mímí rẹ̀ ti já gaara, ṣé kí n ní sùúrù kí ó dàgbà sí i ni, àbí kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún àyẹ̀wò ọ̀fun, tí wọn yóò fi ní láti fún un ní oògùn oorun? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ bá gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.