Agbéró bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá afẹ́fẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀kì?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ lórí àlàyé tí ẹ ń kọ nípa bí a ṣe ń fi ọ̀pá onígáàsì sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè máa dá dúró lókè láìfi irin tì í. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde fún nǹkan yìí. Ẹnì kan pè é ní ọ̀pá afẹ́fẹ́. Ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀kì bọ́nẹ́ẹ̀tì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè é ti tó, pé kí la tún ń wá kiri. Ẹni kẹta dá agbéró lábàá. Ẹ̀yìn agbéró lèmi wà, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi.

Náítírójìn ni wọ́n rọ sínú sílíńdà rẹ̀, ìyẹn ìhà rẹ̀ tó nípọn tó dà bí ọ̀pá oníhò, wọ́n fún un pọ̀ gan-an, wọ́n sì dí i pa. Mo mọ̀ pé náítírójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó bá gbọ́ “afẹ́fẹ́” á rò pé bó bá rọ̀, òun lè lọ fẹ́ ẹ bíi táyà. Kò lẹ́nu tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ. Tó bá ti kú, ó kú nìyẹn, òmíràn là ń rà. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ tú u wò, tó lu ú níhò tàbí tó finá sí i, ó lè bú gbàmù mọ́ ọn lójú.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ló ta kókó, nítorí àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sóòótọ́. Ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ihò tín-ín-rín tí gáàsì àti ọ́ìlì ń gbà kọjá sì wà lára písítìnì, ìyẹn orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà. Òun ló ń mú kí bọ́nẹ́ẹ̀tì gòkè jẹ́ẹ́jẹ́, kó sì rọra fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé òkè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó dá nǹkan tó ń fò dúró. Ṣọ́ọ̀kì olọ́ìlì lásán, ibi tí ẹ bá tì í dé ló máa dúró sí. Èyí tí à ń sọ yìí, ẹ gbé tuntun rẹ̀ nàró sílẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́: bó bá jẹ́ 300N (Níútọ̀n, ohun tí a fi ń wọn ipá), àfi kí ẹ gbé ara lé e dáadáa kó tó wọlé, ẹ sì yọwọ́ báyìí, ó ti jáde padà. Títì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní irin gbọọrọ tí ọkọ̀ àtijọ́ fi ń ti bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ń gbé e ró, pé kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Gírámà wa ti yà wọ́n. Irin yẹn, ọwọ́ ló ń fi í tì, ẹ jẹ́ ká pè é ní àfitì. A- tó wà níwájú agbéró, a- olùṣe ni, ti apẹja àti akọ̀wé, nǹkan tó ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ ṣáà má gbàgbé àmì ohùn o, torí ẹni tó bá kọ ọ́ láìlámì, agbèrò ni àwọn kan máa kà, wọ́n á sì máa wá ẹni tó ń pe èrò sọ́kọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà gan-an nìyí. Ẹ kọ pé kí èèyàn ra èyí tí “agbára rẹ̀ bá ìwúwo bọ́nẹ́ẹ̀tì mu”. Gbólóhùn yìí lè fọ́ni lórí. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára sílíńdà, ipá ni, Níútọ̀n la fi ń wọ̀n ọ́n. Ká ní bọ́nẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ kílò 16, ìyẹn bíi 157 Níútọ̀n. Òǹkàwé yín á pín in sí méjì, á ra méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ híńjì là ń so agbéró mọ́, ìwúwo bọ́nẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí àárín ìwúwo bá fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà sí híńjì nígbà tó ṣí sílẹ̀, tí ìlà ipá agbéró sì fi 20 péré jìnnà sí i, 157 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ká tó fi díẹ̀ kún un, torí gáàsì máa ń dẹwọ́ nínú òtútù. Ẹlòmíràn á gbọ́ “agbára”, á lọ ra 400 torí alágbára ló dáa. Irin bọ́nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ á tẹ̀ níbi tó so ó mọ́, híńjì á wọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní padé déédéé mọ́. Ẹ kọ ipá, kí ẹ sì fi ìṣirò yẹn sí i.

“Kàn án mọ́” náà, ẹ yọ ọ́. Kò sí olówó ọkọ̀ àtijọ́ tó fẹ́ gbọ́ kíkàn tàbí lílu ihò. Ihò bóòtì tó wà níbi híńjì tẹ́lẹ̀ ni à ń lò, nítorí náà, “dè é mọ́”. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ó ku “dojú rẹ̀ délẹ̀”. Ojú wo? Orí méjì ló ní. Ẹ kọ ọ́ báyìí: kí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀, kí sílíńdà wà lókè, nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní pípadé, kí ọ́ìlì lè máa rin rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀. Rọ́bà tó bá gbẹ ló ń jẹ́ kí gáàsì jò.