Pósítà ìwọ́de lórí irọ́ WhatsApp, ẹ bá mi wò ó

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. A fẹ́ wọ́de lórí irọ́ tí wọ́n ń pín kiri, èmi ni wọ́n ní kí n ya pósítà. Mo kọ "OMI IYỌ̀ Ń LÉ EBOLA" gàdàgbà, mo fi pupa fagi lé e, mo kọ "irọ́ ni" sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò dáa. Kí ló kù?

ỌmọAlákàrà: Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ o. Ẹni tó wà nínú dánfó tó ń sáré kọjá, irọ́ yẹn nìkan ló máa rí kà. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ gàdàgbà: "MÁ MU OMI IYỌ̀, Ó LÈ PA Ẹ́." Mo rántí August 2014 yẹn, òru ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún, màmá mi jí gbogbo wa, wọ́n ti po iyọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a sì wẹ̀ ẹ́ torí ẹ̀rù ń bà wá, àwọn tó mu ún níbòmíì kú, ó kéré tán ẹni méjì.

Ayàwòrán: Lẹ́tà dúdú lórí yẹ́lò ló dáa jù, ẹ má lò ju ọ̀rọ̀ méje lọ. Ẹ gbé e sí òdìkejì títì kẹ́ ẹ wò bóyá ó ṣeé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ o!

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ohun tó lé Ebola lọ gan-an sí òmíì: wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn láti ilé dé ilé, October 20, 2014 ni WHO kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń tún un kùn.