"Àsèrántí" kọ́: èsì lórí orúkọ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dá a lábàá pé kí á máa pe gbogbo oúnjẹ mímọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń jẹ fún ìrántí ní "àsèrántí". Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé "Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa" gùn jù, àti pé àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń jẹ ẹ́. Ó ní "àsè" àti "ìrántí" ni òun so pọ̀, tí òun sì pa "ì" àárín wọn jẹ. Mo ka àlàyé náà lẹ́ẹ̀mẹta, inú mi kò sì dùn sí i.

Ohun tí etí bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbọ́, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Bí Yorùbá bá gbọ́ "àsè-" tí ọ̀rọ̀-ìṣe sì tẹ̀ lé e, àsèjẹ, oògùn tí a ń sè bí oúnjẹ, ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tí mo pe ọ̀rọ̀ tuntun yìí sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin létí, ó bi mí bóyá ìsọ̀yè tí àwọn ọmọ iléèwé ń jẹ kí wọ́n má baà gbàgbé ẹ̀kọ́ wọn ni mò ń wí. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì ní kí á yà wọ́n sọ́tọ̀, kí á kọ "àsè ìrántí", ìyẹn ni ohun tí à ń sè bí bàbá bá pé ọdún mẹ́wàá tí ó ti lọ, tí a pa màlúù, tí a sì pe onílù. Òkú ni à ń ṣe níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé àwọn tó ń jẹ àkàrà yìí ń fi ikú Olúwa hàn títí yóò fi dé. Ta ló jẹ ìnáwó òkú rí tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà pé òkú ọ̀hún yóò wọlé?

Èyí tó ká mi lára jù ni pé "mi" ti sọnù. "Ẹ máa ṣe èyí ní ìrántí mi" ni a kà nínú Lúùkù 22:19. "Ìrántí mi" lè jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń rántí, ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mò ń rántí, gẹ́gẹ́ bí "ìfẹ́ Ọlọ́run" ṣe ní ojú méjì. Bákan náà ni ó rí nínú Gíríìkì, èdè tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Joachim Jeremias, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tilẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ náà ń bẹ̀ pé kí ó rántí Ẹni Àmì Òróró rẹ̀. Èmi kò bá a lọ dé òpin, ṣùgbọ́n "mi" tiwa gba èrò méjèèjì láìjà, "àsèrántí" kò sì gba ọ̀kankan.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo dì mú. Ní 1529, ní ìlú Marburg ní Jámánì, Luther àti Zwingli, aṣáájú méjì nínú àtúnṣe ìjọ, jíròrò lórí oúnjẹ yìí. Luther fi ẹfun kọ "Hoc est corpus meum" ("Èyí ni ara mi" ní èdè Látìnì) sórí tábìlì, kò sì gbà fún Zwingli pé "dúró fún" ni "est" túmọ̀ sí. Kókó 15 ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n fẹnu kò lórí 14, èyí tó kù sì ni wọ́n torí rẹ̀ pínyà. (Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí "ni" àti "jẹ́" nínú "Èyí ni ara mi", kí ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.)

Bí a kò bá lè ṣe kí á má ṣẹ̀dá, "àjọjẹ" ti wà nílẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí kì í fi omi pàápàá kan ẹnu kí ó tó lọ gba Ara Olúwa, kì í ka ohun tí Pọ́ọ̀lù wí nípa Kọ́ríńtì, níbi tí ebi ti ń pa àwọn kan tí àwọn mìíràn sì ti mutí yó, kí ó má fi kún un pé, "Àjọjẹ kì í dùn bí ẹnìkan kò bá ní." Ẹni tó ṣẹ̀dá "àsèrántí" ní àjọjẹ jọ oúnjẹ ọmọdé inú àwo kan. Ṣé àkàrà kan àti ago kan kọ́ ni wọ́n pín ní alẹ́ ọjọ́ náà?

Ní ti ẹni tí ó ní "rán etí" ni "rántí" ti wá, n kò tíì gbà. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí "ní" inú "rán mi létí" ti wọlé. Kí ẹni tó ṣẹ̀dá "àsèrántí" sì fi "mi" sí i lẹ́yìn, kí ó pè é sókè, kí ó wí fún wa bóyá kò dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń pín ìnáwó òkú ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ.