Ṣé kí Milwaukee ta Giannis, kí wọ́n sì tún ikọ̀ kọ́ láti inú draft?

Ọmọ Mọ́kọ́lá béèrè (ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2025)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Kẹrin tí Indiana Pacers ti lé Milwaukee Bucks lọ nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n jù mí lọ là mí lọ́yẹ. Ọdún kẹta léraléra nìyí tí ikọ̀ náà kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú ìdíje playoffs, ìyẹn ìdíje ìyọkúrò tó ń parí sáà: Miami ló lé wọn ní 2023, Indiana ní 2024, Indiana yìí kan náà sì ni ní 2025. Mo jókòó wo ayò karùn-ún náà dópin ní òru. Nínú àsìkò àfikún, Milwaukee ti ní 118 sí 111, ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá 40, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ Gary Trent Jr. ti Milwaukee, ó gba àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde síta pápá. Lẹ́yìn náà ni Tyrese Haliburton sáré gba ẹ̀gbẹ́ Giannis, ìràwọ̀ Milwaukee, kọjá, ó gbé bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, Indiana sì fi 119 sí 118 borí.

Láti ìgbà náà ni àhesọ kò ti dáwọ́ dúró. Lónìí wọn a ní San Antonio ni Giannis ń lọ, lọ́la wọn a ní Toronto ni, àwọn kan tilẹ̀ dárúkọ Houston kí Houston tó lọ gba Kevin Durant. Ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Adétòkunbọ̀ kí àkọtọ́ àwọn Gíríìkì tó sọ ọ́ di Antetokounmpo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè lójú tèmi. Yóò pé ọmọ ọdún 31 ní oṣù Kejìlá yìí.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kò ní sàn kí Milwaukee tà á nísinsìnyí tó ṣì níye lórí gan-an, kí wọ́n fara mọ́ ìjákulẹ̀ fún sáà méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì máa ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó pegedé jọ láti inú draft, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ikọ̀ fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, tí àwọn tó pàdánù jù sábà máa ń kọ́kọ́ yàn? Ojú gbogbo wa ni Oklahoma City ṣe fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ ní oṣù tó kọjá.

Bàbá Ìbejì, Milwaukee, fèsì

Ọmọ Mọ́kọ́lá, àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nídìí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé àhesọ kiri kì í mẹ́nu bà. Ikọ̀ tó bá fẹ́ fi ìjákulẹ̀ kórè nínú draft gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ yíyàn tirẹ̀ lọ́wọ́. Milwaukee kò ní in.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fẹ́ gba Jrue Holiday láti New Orleans, wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní (ẹ̀tọ́ láti yan agbábọ́ọ̀lù nínú ìpele kìíní draft) ti 2025 àti ti 2027 sílẹ̀, wọ́n sì tún gbà pé ní 2024 àti 2026, New Orleans lè fi ipò tirẹ̀ pààrọ̀ ti Milwaukee bí ti Milwaukee bá dára jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n tún fẹ́ gba Damian Lillard láti Portland: Holiday fúnra rẹ̀ lọ, ẹ̀tọ́ ìpele kìíní ti 2029 lọ láìsí ààbò kankan (kò sí ipò tó lè mú kó padà sọ́dọ̀ Milwaukee), Portland sì gba agbára láti pààrọ̀ ipò ní 2028 àti 2030. Bí o bá ka ọdún wọ̀nyí lórí ìka rẹ, wàá rí i pé láti ìsinsìnyí títí di 2030, kò sí ọdún kan tí Milwaukee lè fi gbogbo ẹnu sọ pé tiwọn ni ìpele kìíní àwọn.

Nínú draft oṣù tó kọjá, Brooklyn, tí ẹ̀tọ́ náà ti ti ọwọ́ ikọ̀ mìíràn bọ́ sí lọ́wọ́, ló lo ipò 19 tó yẹ kó jẹ́ ti Milwaukee, òun ni wọ́n fi yan Nolan Traore láti ilẹ̀ Faransé. Milwaukee dúró títí di ipò 47 kó tó kan wọn, tí wọ́n fi yan Bogoljub Marković, ọmọ Serbia. Ní ti ọdún 2026, ní alẹ́ draft gan-an ni New Orleans fún Atlanta ní èyí tó bá dára jù nínú ipò tirẹ̀ àti ti Milwaukee. Nítorí náà, bí Milwaukee bá ta Giannis lónìí, tí wọ́n sì fìdí rẹmi ní gbogbo sáà tó ń bọ̀, Atlanta ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Orí tó fọ́ àgbọn kò ní jẹ níbẹ̀.

Oklahoma City tí o fi ṣàpẹẹrẹ yàtọ̀. Ní 2019 tí wọ́n jẹ́ kí Paul George máa lọ sí Clippers, wọ́n gba Shai Gilgeous-Alexander àti ẹ̀tọ́ ìpele kìíní márùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú tiwọn sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ Clippers yẹn ni wọ́n fi yan Jalen Williams ní ipò 12 ní 2022. Sáà tí wọ́n borí nínú ayò 24 péré ló sì fún wọn ní ipò kejì nínú draft yẹn kan náà, tí wọ́n fi yan Chet Holmgren. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti ń kórè. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Milwaukee yóò ti máa kórè.

Mo tún fẹ́ sọ ohun kan tí ìṣirò kò lè sọ. Mo wà ní ìta pápá Fiserv Forum ní alẹ́ ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2021. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ẹ̀rù a máa bà wá bí Giannis bá dúró síbi jíju ọ̀fẹ́, nítorí pé nílé àwọn alátakò, èrò a máa ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá mọ́ ọn lórí kó tó ju bọ́ọ̀lù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, 19 ló jù, 17 ló wọlé. Obìnrin àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò lè wò ó, ṣe ló kọ ẹ̀yìn sí ojú àwòrán ńlá tó wà níta, tó di apá mi mú, tó ń bi mí léraléra pé, “Ṣé ó wọlé?” Gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti ní ó wọlé ni yóò tún fún apá mi le sí i. Giannis jẹ àmì 50, a borí Phoenix pẹ̀lú 105 sí 98. Àádọ́ta ọdún gbáko ni ìlú yìí fi retí ife ẹ̀yẹ náà, láti 1971.

Àwọn àgbà ìlú yìí sì rántí 1975, nígbà tí Kareem Abdul-Jabbar ní òun fẹ́ lọ, tí wọ́n tà á fún Lakers, tí wọ́n fi gba Elmore Smith, Brian Winters, Dave Meyers àti Junior Bridgeman. Agbábọ́ọ̀lù gidi wà nínú wọn, wọ́n tilẹ̀ gbé ẹ̀wù Winters àti ti Bridgeman kọ́ sókè pápá fún ọlá. Síbẹ̀, ife márùn-ún ni Kareem gbà ní Los Angeles, Milwaukee kò sì rí ẹyọ kan títí Giannis fi dé.

Ará Houston fèsì

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àlàyé, sà. Mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀tọ́ draft gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ fi parí rẹ̀ sí ni n kò lè bá yín dé. Bí ìpele kìíní kò bá sí lọ́wọ́ ẹni, ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí a yára ta ohun kan ṣoṣo tó lè mú un padà wá.

Ẹ wo ọjà ọdún yìí. Desmond Bane, tí wọn kò tíì yàn sí ayò All-Star (ayò àwọn ìràwọ̀ líìgì) rí, Orlando fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní mẹ́rin, ẹ̀tọ́ pàṣípààrọ̀ kan àti agbábọ́ọ̀lù méjì gbà á lọ́wọ́ Memphis. Bí Bane bá mú mẹ́rin wá, kí ni Giannis yóò mú wá, ẹni tó jẹ àmì 30.4, tó sì gba bọ́ọ̀lù 11.9 nínú ayò kọ̀ọ̀kan ní sáà tó kọjá? Ṣùgbọ́n ẹ wo Durant náà. Ọmọ ọdún 36 ni, ó ṣì mọ bọ́ọ̀lù jù gan-an, síbẹ̀ ìpele kìíní kan ṣoṣo, ìyẹn ipò 10, ni Phoenix rí gbà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Jalen Green, Dillon Brooks àti ẹ̀tọ́ ìpele kejì márùn-ún. Ọjọ́ orí ló fa ìyàtọ̀ náà. Gbogbo sáà tí Milwaukee bá jẹ́ kó kọjá ni iye Giannis ń rìn lọ síhà ti Durant. Ìwé àdéhùn rẹ̀ náà sì fún un láyè láti di òmìnira ní 2027 bó bá wù ú, ìgbà yẹn Milwaukee kò ní rí kọ́bọ̀ gbà.

Ohun tí wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bà mí nínú jẹ́ jù. Lillard já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ nínú ayò kẹrin pẹ̀lú Indiana. Kí wọ́n lè rí owó gba Myles Turner, wọ́n tú Lillard sílẹ̀, wọ́n sì pín bí mílíọ̀nù 113 dọ́là tí wọ́n jẹ ẹ́ sí sáà márùn-ún. Bí mílíọ̀nù 22.5 ni yóò máa jókòó sínú ìṣirò owó oṣù wọn lọ́dọọdún fún ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn mọ́. Wọ́n ti ná draft ọ̀la, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó ọ̀la. Mo fẹ́ràn Giannis gan-an ni, sà, n kò sì fẹ́ kó lo ọdún tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá tún béèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi tí ẹ sọ yìí. Ṣé ọ̀nà kankan wà tí Milwaukee lè gbà rí ẹ̀tọ́ tirẹ̀ gan-an padà? Tàbí ohun tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn?

Olùkọ́ Eré, Ilé-Ifẹ̀, fèsì

Ọ̀nà wà, ẹnì kan sì ti gbà á kọjá láìpẹ́ yìí. Brooklyn ni. Ní 2013 wọ́n kó ìpele kìíní wọn lé Boston lọ́wọ́ nítorí Kevin Garnett àti Paul Pierce tí wọ́n ti ń dàgbà. Brooklyn ń fìdí rẹmi, Boston ń kórè, láti ibẹ̀ ni Jaylen Brown àti Jayson Tatum ti wá, àwọn tó gba ife ní 2024. Ìyà yẹn kọ́ Brooklyn lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ta Mikal Bridges fún New York, wọ́n gba ìpele kìíní márùn-ún (ti Milwaukee ti 2025 tí Bàbá Ìbejì sọ wà lára wọn), ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Lásìkò kan náà ni wọ́n lọ bá Houston, tí wọ́n fi àwọn ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti Phoenix ra ti ara wọn ti 2025 àti 2026 padà, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù.

Nítorí náà, bí mo bá jókòó sí àga Jon Horst tó ń darí Milwaukee, n kò ní dá ẹnikẹ́ni tó ń béèrè Giannis lóhùn àfi tí Portland bá wà nínú ìjíròrò náà, nítorí pé lọ́wọ́ Portland ni 2028, 2029 àti 2030 wà. Ẹni tó bá fẹ́ Giannis ni kó lọ wá ohun tí Portland yóò gbà, kó sì kó ọdún mẹ́ta yẹn wá pẹ̀lú ọ̀dọ́ tó ti fi ara rẹ̀ hàn. Èyí sì ni mo fi rò pé orúkọ San Antonio nínú àhesọ náà ní ìtumọ̀: wọ́n ní Stephon Castle tó gba ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dára jù ní sáà tó kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò kejì yan Dylan Harper, ìpele kìíní Atlanta ti 2027 sì tún wà lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ pẹ̀lú Victor Wembanyama, ìràwọ̀ wọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, mo rò pé ó ṣòro kí wọ́n tó kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ará Houston, òtítọ́ ni o sọ nípa ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé bí draft ṣe rí. Utah pàdánù ayò 65 ní sáà tó kọjá, kò sí ẹni tó pàdánù tó wọn, lọ́tìrì tí wọ́n fi ń pín àwọn ipò àkọ́kọ́ nínú draft sì gbé wọn sọ sí ipò karùn-ún. Dallas tí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ipò kìíní, tó sì yan Cooper Flagg. Giannis fúnra rẹ̀, ipò 15 ni Milwaukee ti yàn án ní 2013, ọmọ ọdún 18 tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kejì ilẹ̀ Gíríìsì. Ikọ̀ mẹ́rìnlá ló ti yan ẹlòmíràn kó tó kàn án. Ta ló fẹ́ fi ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pààrọ̀ ẹni tó ń lá àlá pé òun yóò rí, láìjẹ́ pé wọ́n kó ẹ̀tọ́ rẹpẹtẹ tì í?

Bàbá Ìbejì, Milwaukee, fèsì

Olùkọ́, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Portland yẹn, n kò tíì rò ó dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ará Houston, àbúrò mi, ìwọ náà ní ẹjọ́ rere. Títí di òní, Giannis kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé òun fẹ́ lọ. Tí ó bá sọ ọ́, owó ọjà yóò já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé gbogbo olùrà ni yóò mọ̀ pé tipátipá ni Milwaukee fi ń tà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí Horst jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, kí wọ́n sọ òótọ́ fún ara wọn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti àwọn ìbejì. Wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní oṣù tó kọjá, ẹ̀wù nọ́ńbà 34 ni àwọn méjèèjì sì fẹ́ wọ̀ lọ.